Ṣé dandan ni kí n dúró kí oṣù tuntun lé kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù?

Aláṣọ-òkè Mọ́kọ́lá béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n ya òṣùpá sí i láti ìgbà tó bá tín-ín-rín títí dé ìgbà tó bá kún, wọ́n sì kọ iṣẹ́ sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: pé nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni kí ènìyàn kọ ohun tó ń fẹ́ sínú ìwé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun, pé nígbà tí òṣùpá bá kún ni kí ó dúpẹ́, kí ó sì jọ̀wọ́ ohun tí kò wúlò fún un mọ́, àti pé nígbà tí ó bá ń fà sẹ́yìn, kí ó sinmi, kí ó má ṣe dáwọ́ lé ohunkóhun. Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ òkè ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, mo sì ti san owó ilé. Òṣùpá ti ń fà sẹ́yìn báyìí, ọ̀rẹ́ mi sì ń kìlọ̀ fún mi pé ohun tí a bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò yìí yóò máa dín kù bí òṣùpá ṣe ń dín kù.

Mùsùlùmí ni bàbá mi, onígbàgbọ́ ni màmá mi, mi ò sì gbọ́ irú èyí rí lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n màmá mi àgbà máa ń bọ́ síta bí oṣù bá lé, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á sì súre fún gbogbo ilé. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn baba wa ní irú ìmọ̀ yìí nípa òṣùpá, àbí àlejò ni. Bí ìgbésí ayé bá sì ní ìgbà tó ń kún àti ìgbà tó ń fà, báwo ni ó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ṣòwò máa bá a rìn?

Àgbà Ọjẹ́ dáhùn:

Ọmọ mi, o kú ìmúra ọjà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí Yorùbá kò fojú pa òṣùpá rẹ́. Ìwúre tí ìyá rẹ àgbà ń ṣe kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ àgbà ló máa ń sọ pé kí oṣù tó lé náà tu àwọn lára, kí ó bá àwọn láyọ̀. Òun ni a fi ń ka oyún, òun ni a fi ń mọ̀ pé ọdún òrìṣà ti ń sún mọ́lé, abẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni àwa ọmọdé ìgbà náà ti ń pa àlọ́ kí iná mànàmáná tó gba ìta lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbà títí di òní pé wèrè a máa ru sí i bí oṣù bá lé.

Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè ohun tí ìṣẹ̀ṣe gan-an fi ń to ọjọ́, ọrún, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa, ló ṣáájú òṣùpá. Ọjọ́ mẹ́rin ló ń yí po: ọjọ́ Awo ti Ọ̀rúnmìlà, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta ti Ṣàngó, àti ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀ ti Ọbàtálá. A ń kà á sí márùn-ún nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá yí po lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, tí a ń pè ní ìtàdógún nítorí irú òǹkà kan náà. Ọjà aṣọ òkè wa níbí ní Ọjẹ́, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni a ń ná an. Òṣùpá ìbáà kún, ìbáà má yọ rárá, ọjà náà kì í yẹ̀ nítorí rẹ̀. Ta ló wá sọ fún ọ pé aṣọ tí a rà nígbà tí òṣùpá ń fà kì í tà?

Ohun kan ló ń kọ mí lóminú nínú àwòrán tí o ṣàlàyé. Ènìyàn kan ṣoṣo ló dojú kọ òṣùpá níbẹ̀, ohun tí ó ń fẹ́ ló sì ń kà sílẹ̀. Nínú ìyípo tiwa, ìlú lódindi ló ń yí po. Wo ọdún Òkèbàdàn tó sábà máa ń bọ́ sí Oṣù Kẹta, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀ lọ́nà: láyé àtijọ́, a kì í dáná lọ́jọ́ náà, nítorí pé a ń rántí ìgbà tí àwọn baba wa sá sórí òkè nítorí ogun, tí wọ́n ń jẹ òro àti ìgbín, tọmọdé tàgbà á sì máa kọrin èébú kiri ìgboro láìsí ẹni tí yóò bínú. (Ẹni tó bá bínú ni wọn yóò kọrin bú jù.) Kò sí ẹni tó ń bi Abọ́kè, olórí àwòrò Òkèbàdàn, léèrè bóyá ọjọ́ náà bá ìfẹ́ ọkàn òun mu. Ojúṣe ni ìyípo ọjọ́ jẹ́ fún wa: gbèsè tí a jẹ ilẹ̀ àti àwọn tó ti lọ ni a ń san bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Bí o bá ń wá ọjọ́ tó dára fún ìwọ nìkan, lọ bá babaláwo kí ó dá Ifá fún ọ. Ó ṣeé ṣe kí Ifá ní kí o ṣí i lọ́la.

Alfa Ọ̀pọ́yẹọṣà dáhùn:

Àlàáfíà fún yín. Èmi kò ní gba arábìnrin wa nímọ̀ràn láti lọ sọ́dọ̀ babaláwo, Bàbá sì mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ojúṣe tí wọ́n sọ. Nínú Al-Kùránì, Súrà kejì, ẹsẹ̀ 189, àwọn ènìyàn béèrè lọ́wọ́ Ànábì nípa oṣù tó ń lé, èsì tí Ọlọ́run fún wọn sì ni pé òǹkà àsìkò ni fún àwọn ènìyàn àti fún iṣẹ́ Háàjì. Àdúà wà tí a máa ń ṣe bí a bá rí oṣù tuntun, Ọlọ́run ni a sì ń ṣe é sí. Bí òṣùpá bá kún, ààwẹ̀ ọjọ́ kẹtàlá, ìkẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún wà fún ẹni tó bá fẹ́ ládàá.

Lọ́jọ́ tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú, oòrùn ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn sì ń sọ pé nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì fúnra rẹ̀ ló kọ̀ ọ́, tí ó ní àmì Ọlọ́run ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí òṣùpá wọ inú òjìji ayé tí ó sì pọ́n, tí oríṣiríṣi ìkìlọ̀ ìbẹ̀rù sì ń fò kiri lórí fóònù.

Olùkọ́ Agodi dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Fíṣíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ti ojú ọ̀run wá. Òṣùpá kì í dín kù. Àfi bí ó bá wọ inú òjìji ayé, ìgbàkígbà ni oòrùn ń tàn sí ìdajì rẹ̀. Ibi tí òun, ayé àti oòrùn bá dúró síra wọn ló ń sọ bí ìdajì yẹn yóò ṣe hàn sí wa tó, nǹkan bí ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ ni ó sì fi ń yí po.

Àwọn tó ń gbé ìmọ̀ yìí kiri máa ń sọ pé níwọ̀n bí òṣùpá ti ń fa omi òkun, kò lè ṣe kó má fa omi inú ara wa. Ẹ wo òkun Èkó: ìgbà tí òṣùpá bá kún àti ìgbà tí kò bá hàn rárá ni omi rẹ̀ máa ń ga sókè jù. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe nígbà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ àwòrán ọ̀rẹ́ yín ní ọ̀kan wà fún bíbẹ̀rẹ̀, èkejì fún jíjọ̀wọ́. Ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ń ta ko wọ́n.

Síbẹ̀, òṣùpá ní ipa lórí òwò yín, arábìnrin, láti ipasẹ̀ ẹ̀sìn. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn òṣùpá kíkún tó bá bọ́ sí ọjọ́ 21 Oṣù Kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni a ń ṣe Àjíǹde. Ọdún òṣùpá tí àwọn mùsùlùmí ń lò tó nǹkan bí ọjọ́ 354, nítorí náà Ràmàdáánì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá sí i lọ́dọọdún. Ní Oṣù Kejì ọdún 2026, ààwẹ̀ méjèèjì, Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì tó máa ń ṣáájú Àjíǹde, bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Aláṣọ-òkè Mọ́kọ́lá dáhùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mi ò ní dúró de oṣù mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsinmi inú àwòrán náà ṣì ń wù mí, nítorí ó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ni oníṣòwò ń sinmi?

Ìyá Ẹlẹ́tù dáhùn:

Ọmọ mi, ìgbà ààwẹ̀ tí Olùkọ́ sọ yẹn ni. Ìgbéyàwó kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, àwọn oníbàárà kì í dààmú ẹni, ẹni tó bá sì ń ṣí ilẹ̀kùn láti àárọ̀ títí di alẹ́ nígbà náà kàn ń gba ara rẹ̀ lágbára ni. Ìgbà yẹn ni mo máa ń tún ìwé gbèsè wò, tí mo máa ń sùn lọ́sàn-án, tí mo sì máa ń bá àwọn ahunṣọ sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ tuntun, nítorí bí Ìtunu Ààwẹ̀ àti Àjíǹde bá ti kọjá, kò tún sí àyè àtimí mọ́. Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, má tíì ṣí ilẹ̀kùn títí ọjà Ọjẹ́ tó ń bọ̀ yóò fi kọjá. Kó ọjà ná. Irú èwo lo fẹ́ kọ́kọ́ kó, ẹtù ni àbí sányán?