Ta ló ti tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú nínú ilé rí? Ẹ sọ tiyín

Ìyá Aláṣọ Òkè, Tákìé: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa fẹ́ pe àwọn nọ́ọ̀sì wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún un la fẹ́ ṣe é. Kí wọ́n tó dé, mo fẹ́ gbọ́ ti inú ilé tiwa. Kí lẹ rí? Kí lẹ ṣe?

Ọmọ Arọ́jẹ: Àdúrà.

Ìyá Ìbejì Sábó: Ti àbúrò mi obìnrin ni n óò sọ. Ó bímọ lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, oorun ti dá lójú rẹ̀. Aago méjì òru ló ń gbá àgbàlá. A ní ayọ̀ ọmọ ni. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ló ní ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ òun kì í ṣe tòun, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ká wá mú ọmọ wa. Ibi mẹ́ta la gbé e dé. Níbi kẹta, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi. Ọmú rẹ̀ kún, wàrà ń ro sára aṣọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbé ọmọ fún un. Mo sùn tì í lórí ẹní lóru ọjọ́ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ní mi ò ṣe mọ́, ọsibítù là ń lọ.

Ìyá Akẹ̀sán: Abísínwín nìyẹn! Àwọn ìyá wa ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni, tẹ́ ẹ fi ń gbé e káàkiri?

Ìyá Ìbejì Sábó: A mọ̀ ọ́n, ìyá mi. Ojú ló ń tì wá.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀rù: Ẹ má bá a wí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, oorun ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sùn, tó ń sọ ohun tí kò sí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ó sábà máa ń lọ tí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ Oníṣègùn: Kì í ṣe gbogbo oníṣègùn ló ń de èèyàn. Igi asofẹ́yẹjẹ ni bàbá mi fi ń ṣe oògùn rẹ̀, àwọn tó gbádùn wà láyé títí dòní. Lambo fúnra rẹ̀, dókítà ọpọlọ, pe àwọn oníṣègùn mọ́ra ní Àró, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀rù: Òótọ́ lẹ sọ. Èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine tó wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, àwọn dókítà náà lò ó fún àìsàn yìí láyé 1950. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ̀n ọ́n nínú ìgò? Ó máa ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ìyá ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀, ẹ fún un ní ife kan, ó lè ṣubú lulẹ̀.

Ọmọ Oníṣègùn: Bàbá mi ń wọ̀n ọ́n.

Tíṣà Òkè-Àdó: Ẹ jẹ́ n fi kún ti Àró. Ní 1954 tí Lambo bẹ̀rẹ̀, abúlé tó wà nítòsí ni àwọn aláìsàn ń gbé, ẹbí kan á tẹ̀ lé wọn wá láti máa dáná fún wọn. Tójúmọ́ bá mọ́, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sáàárín ará abúlé. Nǹkan tí baba yẹn ṣe nìyẹn, àwa wá sọ orúkọ Àró di èébú.

Ọmọ Arọ́jẹ: Ṣé Abẹ́òkúta ni gbogbo wa máa wá lọ?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀rù: Rárá o. Dókítà ọpọlọ wà ní ọsibítù LAUTECH níbí, wọ́n wà ní ọsibítù UCH n'Ìbàdàn.

Ìyá Akẹ̀sán: Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọlọ́run má fi ṣe wá.

Ìyá Ìbejì Sábó: Ẹ dákun, ìyá, ẹ má pa òwe yẹn fún mi. Ìyá mi ló bí i. Wọ́n pa á sí i létí lọ́jà, ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi dé ìsọ̀ rẹ̀.

Bàbá Owódé: Òwe àgbà ni, ẹnikẹ́ni ò lè pa á rẹ́.

Tíṣà Òkè-Àdó: Òfin ìjọba náà yí ohùn padà, sà. Oṣù kìn-ín-ní 2023 ni Buhari fọwọ́ sí èyí tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí àìsàn yìí fi iṣẹ́ tàbí ilé du ẹnikẹ́ni mọ́.

Bàbá Owódé: Ẹ lọ kà á fún àwọn onílé Ọ̀yọ́.

Dírẹ́bà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́: Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ọdẹ orí ni mo pè é. Ó ń rìn lórí mi bí ìjàlọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń ra oògùn lọ́wọ́ onígbá. Oúnjẹ ò wù mí, ọmọ mi á kí mi, ó ń sú mi láti dáhùn. Lọ́jọ́ kan, èrò kún ọkọ̀, omi kàn ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Ẹnì kejì mi ní gáréèjì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó wa ọkọ̀ náà délé, ó sì bá mi lọ rí dókítà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ìsoríkọ́ ni.

Ọmọ Arọ́jẹ: Bọ̀dá mi, ẹ kú ìfaradà. Èmi tí mo ní àdúrà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ní irú ẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni.

Ìyá Ìbejì Sábó: Dírẹ́bà, ṣé ẹ ń sùn báyìí?

Dírẹ́bà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́: Mò ń sùn, ìyá. Mo ṣì ń lo oògùn.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Tákìé: Ìyá Ìbejì, ṣé àbúrò yín lè wá bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Ọmọ ọ̀hún ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Sábó: Ọmọ ti wà ní prámárì kẹta, òun náà ló ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìsọ̀. N óò bi í. Tó bá ní òun ò wá, ẹ má bínú sí i.