Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n kúrò ní abúlé etí odò Kobuk yìí kí Kérésìmesì tó dé?

Tíṣà Etí Odò:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Gbogbo rẹ̀ ti sú mi.

Tíṣà ni mí. Oṣù Kẹjọ ni mo dé abúlé àwọn Iñupiat, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, kan létí odò Kobuk, ní àríwá Alaska ní Amẹ́ríkà. Kò sí títì tó wọ ibẹ̀, kò sí èyí tó jáde. Bàálù kékeré ló ń gbé èèyàn wá láti ìlú Kotzebue, bí ojú ọjọ́ bá gbà. Láti oṣù Kẹwàá ni odò ti ń dì. Ọkọ̀ ojú omi ò lè rìn mọ́, yìnyín ò sì tíì ki tó kí ọ̀kadà orí yìnyín gba orí rẹ̀ kọjá. A kàn wà lójú kan ni.

Àbúrò mi fi èlùbọ́, gààrí àti isu ránṣẹ́ láti Houston. Páálì náà pẹ́ lọ́nà, nígbà tí yóò fi dé, isu ti dì gbagidi. Mo gbé e kaná, ó dà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tó wà níbí, iye tí wọ́n ń ta wàrà àti ẹyin ò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹja dídì làwọn èèyàn ibí ń jẹ láìsè, wọ́n á tì í bọ òróró séèlì, ẹran inú òkun. Mi ò lè dúró ti òórùn òróró yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni àìlẹ́kọ̀ọ́. Màá bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kò ní dáhùn, ìpéǹpéjú ló máa gbé sókè sí mi. Ọmọ ọdún méjìlá! Ọjọ́ kan tún wà tí mo dé kíláàsì tí àga ṣófo. Wọ́n ní ẹran ń sọdá odò, tẹbítẹbí ni wọ́n ti bá ọdẹ lọ. Ọ̀gá ilé ìwé wá ń bi mí ìdí tí rẹ́jísítà mi fi rí bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi ni mo ran ẹran níṣẹ́ ni?

Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé kí n kó ẹrù mi kí n máa lọ bá àbúrò mi? Ẹ dákun.

Àǹtí Ṣadé, Leeds:
Pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Kó ẹrù ẹ, o jàre. Iṣẹ́ ò tán láyé. Ẹ̀mí ni ká dá sí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní sísá. Arábìnrin, ìwé wo lo fi wọ Amẹ́ríkà? Ṣé o tọwọ́ bọ àdéhùn iṣẹ́? Èmi ṣiṣẹ́ ní North Dakota, òtútù dé ìsàlẹ̀ òdo ní ogójì, níbi tí Celsius àti Fahrenheit ti pàdé. Irùngbọ̀n mi máa ń dì. Mo fara dà á, owó yẹn ni mo fi kọ́lé sí Iléṣà. Ẹ yé bá ara yín kẹ́dùn òtútù.

Bàbá Ìbejì:
Mo gbọ́ pé Alaska ń pín owó epo rọ̀bì fún ará ìlú lọ́dọọdún. Dúró gba tìẹ kó o tó lọ. Tó o bá fẹ́, mo lè fi ṣínáàpù kékeré kan ránṣẹ́ kí ara ẹ lè móoru.

Nọ́ọ̀sì Kúnbi:
Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ má fi ọtí ránṣẹ́ síbẹ̀. Òfin Alaska fún abúlé láyè láti dìbò lé ọtí, ọ̀pọ̀ ló sì ti fòfin dè é. Ẹ máa kó o sí wàhálà ọlọ́pàá. Owó epo yẹn, òótọ́ ni, wọ́n ti ń pín in láti 1982, àmọ́ kò kan ẹni tó wá fún ìgbà díẹ̀.

Tíṣà, mo ṣiṣẹ́ ní Kotzebue rí. Ọmọ tó gbé ìpéǹpéjú sókè sí ẹ dá ẹ lóhùn: "bẹ́ẹ̀ ni" ló sọ. Tó bá fún imú jọ, "rárá" nìyẹn. Àwọn ìyá wọn náà ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé wọn ni, kì í ṣe àfojúdi.

Ní ti ẹran, caribou ni, ẹran ilẹ̀ òtútù tó jọ àgbọ̀nrín, tuttu ni wọ́n ń pè é. Ní 2003, agbo tó ń gba ibẹ̀ kọjá tó 490,000. Ní 2023, 152,000 ni wọ́n kà. Ẹran ń dín kù, ó tún ń pẹ́ dé. Ọjọ́ tó bá wá dé etí odò, ìdílé tó jókòó sílé lọ́jọ́ náà, kí ni wọ́n máa jẹ títí òtútù á fi lọ? Ẹran oṣù púpọ̀ ni wọ́n lọ wá. Ó yẹ kí ọ̀gá yín mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Etí Odò:
Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi. Mi ò sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n o. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ń gbé ẹran àti ẹja sẹ́nu ọ̀nà fún wa. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sè é. Inú fírísà ni mo ń kó o sí.

Màmá Dàmọ́lá:
Inú fírísà? Oúnjẹ tí àgbàlagbà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá? O ń sunkún isu, ẹran ń bẹ nílé. Irú àti ogiri tiwa ńkọ́, ṣé gbogbo ayé ló lè dúró ti òórùn wọn? Nígbà tí mo dé Dallas, aládùúgbò mi kan tó jẹ́ ará Mexico ló ń fún mi ní ẹ̀wà, mi ò mọ orúkọ ẹ̀wà náà dòní, mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́.

Àǹtí Ṣadé, Leeds:
Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò rí oorun sùn lẹ ń bá jà lórí ẹran.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Mo ṣì ń béèrè. Ìwé wo?

Tíṣà Etí Odò:
J-1 ni, físà tí wọ́n fi ń gba àlejò wá ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àdéhùn mi di oṣù Karùn-ún. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé náà bá a lọ. Ẹ yé pariwo lé mi lórí.

Ìyá àgbà tí ẹ ń gbèjà yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó sọ ọmọ mi ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Ó ń pe ọmọdé ní ẹ̀gbọ́n! Mo gbààwẹ̀ lé e.

Màmá Dàmọ́lá:
Babátúndé ńkọ́? Yétúndé ńkọ́? Àbí àwọn yẹn náà lo gbààwẹ̀ lé?

Nọ́ọ̀sì Kúnbi:
Bí wọ́n ṣe ń gba èèyàn mọ́ra nìyẹn. Ó ti fi ọmọ náà ṣe ẹbí. Onígbàgbọ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn, ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Friends ti wà ní Kotzebue láti 1897. Ṣùgbọ́n dúró ná. O ò sọ pé ọmọ wà níbẹ̀.

Àǹtí Ṣadé, Leeds:
Ọmọ wo?

Tíṣà Etí Odò:
Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní ikọ́ fée, asthma.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dé sí i lóru. Kò sí dókítà níbí. Òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ló wà ní klíníìkì, ó pe dókítà ní Kotzebue lórí fóònù, wọ́n ní kí bàálù wá gbé e. Yìnyín ń bọ́, ojú ọ̀run ti pa dé, bàálù ò lè gbéra. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó dé. Atẹ́gùn ẹ̀rọ ni wọ́n fi dì í mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá àgbà yẹn jókòó tì wá, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lédè wọn, ó di ọmọ mi lẹ́sẹ̀ mú.

Ara rẹ̀ ti yá. Ohun tó ń bi mí báyìí ni ìgbà tí òun máa bá wọn lọ dẹ àwọ̀n sábẹ́ yìnyín. Mi ò kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí mo mú u wá. Ta ni kí n fi í sílẹ̀ fún? Bàbá rẹ̀ ò sí láyé mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Má bínú, arábìnrin. Èyí yàtọ̀ sí òtútù. Àmọ́ má sá lọ láìsọ. Kọ̀wé sí àjọ tó ṣe ìwé fún ẹ lálẹ́ òní, sọ ọ̀rọ̀ àìsàn ọmọ náà, kí o ní kí wọ́n bá ẹ wá ilé ìwé ní ìlú tó ní ilé ìwòsàn. Gba lẹ́tà dókítà kún un.

Àǹtí Ṣadé, Leeds:
Lẹ́tà kẹ̀! Kó wọ bàálù àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Kó dé Houston láìníwèé, kí ọmọ tún ṣàìsàn níbẹ̀? Ta ló máa sanwó?

Nọ́ọ̀sì Kúnbi:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ ná. Tíṣà, ní kí dókítà Kotzebue yẹn kọ oògùn tó máa ń dènà ikọ́ náà, yàtọ̀ sí èyí tó ń fà nígbà tó bá dé. Ní kí wọ́n kó ti oṣù púpọ̀ ránṣẹ́ kí ojú ọjọ́ tó bàjẹ́ sí i. Ní kí wọ́n yá ẹ ní ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu kí ọmọ lè fà á símú, kí o máa gbé e sílé. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ fi aṣọ bo imú tó bá jáde, kó má sì dúró sídìí èéfín ọ̀kadà. Inhaler tí ẹ ní, èyí tó ń fà yẹn, nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ iye ìgbà tó ṣì lè fà á. Mélòó ló kù?

Tíṣà Etí Odò:
Mọ́kànlá.

Nọ́ọ̀sì Kúnbi:
Má dúró di òwúrọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera kan máa ń wà lójúfò lóru. Pè é báyìí, kó o sọ mọ́kànlá yẹn fún un.

Tíṣà Etí Odò:
Mo ti pè é. Ó ní òun ń ṣí klíníìkì lọ, kí n mú inhaler náà bọ̀. Ìyá àgbà ti dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ wà.