Kọ́kọ́rọ́ oògùn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ká akẹ́kọ̀ọ́ dókítà

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan ní Abẹ́òkúta níbí, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ àpótí àwọn oògùn tí òfin ń ṣọ́ máa ń wà lóru. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí wọ́n ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan wà tí ó máa ń dúró lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti lọ, tí ó sì máa ń bẹ àwọn nọ́ọ̀sì kékeré pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ pentazocine, oògùn ìrora tó lè di bárakú. Láìpẹ́ yìí, aláìsàn kan tí ìwé fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ yìí jẹ̀rora títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè láti fọwọ́, mo rí i pé àpá dúdú ti kún èjìká rẹ̀, awọ ibẹ̀ sì ti le.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà tọ dókítà àgbà kan lọ. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọmọ abẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n lọ máa wọn ìfúnpá aláìsàn mi. Bí oògùn bá dín, orúkọ mi ni wọn yóò bá nínú ìwé. Bí mo bá sì pariwo, mo lè ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìjẹ̀mọ̀, mátíróònù tó ti fẹ̀yìntì:
Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ yẹn. Orí ìwé oògùn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ní ayé tiwa, nọ́ọ̀sì méjì ni í ṣí àpótí náà, àwọn méjèèjì ni í ka iye tó kù, tí wọ́n á sì fọwọ́ síwèé, ẹni tó fa oògùn náà kò sì gbọdọ̀ gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó tó dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ìgò, ojú ẹlẹ́rìí ni a ti ń dà á nù. Bí ètò yìí bá ti dẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ tètè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tí ojú rẹ rí, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, láìsọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Mátíróònù ni kí o kọ ọ́ sí.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Kútọ̀:
Ẹ forí jì mí, àyà mi já bí mo ṣe ń ka èyí. Ọmọ tèmi náà ń kọ́ ìṣègùn, mo sì mọ bí oorun ṣe máa ń wọ́n wọn tó nígbà ìdánwò. Bí ẹ bá kọ̀wé, wọ́n lè lé e, NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, sì lè wá mú un. Ṣé kò ṣeé pè sí kọ̀rọ̀ kí ẹ bá a wí bí ìyá?

Nọ́ọ̀sì Ìlera Ọpọlọ:
Bàbá, a gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ìbáwí kì í wo ẹni tí ara rẹ̀ ti ń bèèrè oògùn. Bí ó bá jáwọ́ lójijì, ara á máa ro ó, inú á máa run ún, oorun á dá lójú rẹ̀, èyí ni ó sì ń lé e padà sídìí abẹ́rẹ́. Ti tramadol, oògùn ìrora mìíràn tí àwọn ènìyàn ń ṣì lò, tún léwu lọ́nà mìíràn, nítorí pé gìrì lè mú ẹni tó bá ń lò ó ju 400 mílígíráàmù lọ lóòjọ́. Ọmọ náà nìkan kọ́: ìwádìí tí UNODC (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró) àti NBS (àjọ ìṣirò ìjọba Nàìjíríà) gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, kò sì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò sọ di olókìkí ní àwọn ọdún 1950, ní ẹ̀ka ìtọ́jú fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ibẹ̀ kì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá.

Olùkọ́ Nọ́ọ̀sì:
Èsì dókítà yẹn ni ó bí mi nínú jù. Ní 1977, Rosabeth Moss Kanter, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé agbára òṣìṣẹ́ kò ti inú ìwà rẹ̀ wá tó bí ó ṣe ń ti inú ohun tí ilé iṣẹ́ fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ wá: ìròyìn, àtìlẹ́yìn, ohun èlò àti àyè láti tẹ̀síwájú. Heather Laschinger, ọ̀jọ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ní Kánádà, sì fi èrò yìí yẹ iṣẹ́ tiwa wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Àǹtí yìí: wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀bi rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jíhìn fún. Ẹ béèrè orúkọ olùkọ́ tó ń ṣàkóso akẹ́kọ̀ọ́ náà ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí (NANNM) yín mọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mátíróònù wa wà ní ìsinmi. Ṣé igbákejì wọn lè gba ìwé náà?

Ìyá Ìjẹ̀mọ̀:
Ó lè gbà á. Kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tìrẹ, kí ó kọ wákàtí tí ó gbà á sí i. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ òní lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ bá yín gún abẹ́rẹ́ yẹn mọ́; ìwọ tí o di kọ́kọ́rọ́ mú lè pa àṣẹ yẹn láìdúró de ẹnikẹ́ni.