"Ìfèsì" ni tàbí "ìdòmíràn"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá tí olùkọ́ wa láti Iléṣà mú wá, pé kí a máa pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kán-ún (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "chemical reaction") ní "ìfèsì", kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹni tí a bá bá sọ̀rọ̀ ló ń fèsì, kò sì sí ẹni tó bá kán-ún sọ̀rọ̀. "Àpòpọ̀" tí ẹlòmíràn dábàá sàn díẹ̀, àmọ́ iyọ̀ tí a pò mọ́ omi, bí a bá gbé e kaná títí omi fi gbẹ, iyọ̀ náà la óò tún bá nídìí ìkòkò.

Ti kán-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi ọsàn bá ti kàn án, yóò hó láìsí iná, afẹ́fẹ́ kábọ́nì dàyọ́ksáídì yóò sì máa jáde, èyí tó lè pa iná ìṣáná tí a bá mú sún mọ́ ojú rẹ̀ nínú ife. Bí a tilẹ̀ sá ohun tó kù sóòrùn, kò ní padà di kán-ún mọ́. Ó ti dòmíràn. Láti inú "di òmíràn" yìí ni mo ti fa "ìdòmíràn" yọ. Ní 1970, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, sáyẹ́ǹsì wà lára ẹ̀kọ́ náà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ lè fi sọ ohun tó rí.

"Ìparadà" ńkọ́? Omi tó di yìnyín náà paradà, bẹ́ẹ̀ omi ṣì ni. Ṣùgbọ́n omi tí a sẹ́ lára eérú èèpo kòkò kì í ṣe ọṣẹ, àdín kì í ṣe ọṣẹ. Ẹ sè wọ́n pọ̀, ọṣẹ dúdú dé. (Àgbà ni kó ṣe ìyẹn o, omi eérú a máa bó ọwọ́.)

Ibi tó ṣòro fún mi ni "hó". Omi gbígbóná ń hó, ọṣẹ ń hó, kán-ún náà ń hó, bẹ́ẹ̀ ti kán-ún nìkan ni ìdòmíràn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí olùkọ́ wa jọ̀wọ́ ṣe ti kán-ún lójú àwọn ọmọ rẹ̀ láìkọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún wọn, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu wọn jáde ránṣẹ́ sí wa.