Kernel kú nínú QEMU, CI ní ó yege: báwo la ṣe ń tò ó tí kò fi ní parọ́?

Adó_Kernel

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ driver kan fún Linux níhìn-ín ní Adó-Èkìtì. A fẹ́ kí gbogbo patch tó bá wọ git wa máa gba ìdánwò láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró tì í: kó kọ́mpáìlì, kí kernel (ọkàn Linux) gbéra nínú QEMU (kọ̀ǹpútà àfarawé tí software ń ṣe), kí ìdánwò ṣiṣẹ́, kí èsì jáde. Sáfà kan ṣoṣo la ní, kọ́ọ̀ 8, RAM 32GB, SSD 500GB. Iná ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, owó dátà náà kò sì rọrùn.

Ohun mẹ́ta ló ń dà wá láàmú. "Kernel panic" á wà gbangba nínú log, síbẹ̀ CI (ètò tó ń dán patch wò fúnra rẹ̀) á kọ ọ́ pé ó yege. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ kan á dúró sójú kan títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí iná bá sì lọ láàárín ìkọ́mpáìlì, èyí tó tẹ̀ lé e á kùnà pẹ̀lú "file format not recognized" lórí fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Àṣẹ tí à ń lò rèé:

`qemu-system-x86_64 -m 1G -nographic -no-reboot -kernel bzImage -initrd initramfs.gz -append "console=ttyS0 panic=-1" | tee log.txt`

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

ỌmọÌkọ̀lé

Ẹ kú ìgbìyànjú, àbúrò. Inú àṣẹ yẹn gan-an ni irọ́ náà ti ń wá, ibi méjì ló sì ti ń wá.

`panic=-1` ń sọ fún kernel pé kó tún ara rẹ̀ gbé dìde lójú ẹsẹ̀ tó bá ti kú. `-no-reboot` ń sọ fún QEMU pé tí kernel bá ti fẹ́ tún gbéra, kó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni QEMU ṣe ń jáde pẹ̀lú 0 (exit code tó túmọ̀ sí pé àṣẹ yege), nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ rán an ló jẹ́. Kò mọ̀ bóyá kernel inú rẹ̀ kú tàbí ó parí iṣẹ́. Ìkejì ni `| tee`. Èsì àṣẹ tó kẹ́yìn ni shell máa ń mú, `tee` kì í sì í sábà kùnà. Kódà bí QEMU kò bá rí bzImage rárá, 0 lẹ máa rí. `set -o pipefail` tàbí `> log.txt 2>&1` yóò wo ìkejì yìí sàn. Ti àkọ́kọ́ kò ní oògùn lọ́dọ̀ QEMU, nítorí náà ẹ má gbé ìdájọ́ yín lé exit code rẹ̀ mọ́.

Kernel tó yege gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí CI ṣe nọ́ńbà tuntun kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó fi sínú `-append` báyìí: `ami=8f3c`. Ọ̀rọ̀ tí kernel kò bá mọ̀, tó sì ní `=` nínú, ó máa ń gbé e fún `/init` (ètò àkọ́kọ́ tí kernel ń pè) gẹ́gẹ́ bí environment variable. Lẹ́yìn tí ìdánwò tó kẹ́yìn bá ti yege nìkan ni `/init` yóò kọ `echo "YEGE-$ami"`, kó tó pe `poweroff -f`. CI yóò wá `YEGE-8f3c` nínú log. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó kùnà nìyẹn, ohun yòówù kó fà á. Ẹlẹ́rìí tí kò yọjú sí kóòtù kò tíì gbe ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ má wá `8f3c` nìkan. Kernel máa ń tẹ gbogbo `-append` sórí log níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà yẹn yóò wà níbẹ̀ kódà bí kernel bá kú ní ìṣẹ́jú àáyá kejì. Inú `/init` nìkan ni "YEGE-" gbọ́dọ̀ ti máa wá.

Rírí àmì náà nìkan kò tó. Ẹ tún wá `BUG:`, `WARNING:`, `Oops` àti `not ok` nínú log kan náà. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ó kùnà bí àmì tilẹ̀ wà. Ẹ fi `oops=panic panic_on_warn=1` kún `-append` kí kernel má bàa máa fẹsẹ̀ wọ́ lọ lẹ́yìn àṣìṣe àkọ́kọ́. KASAN (olùṣọ́ àṣìṣe mẹ́mọ́rì inú kernel), bí àpẹẹrẹ, máa ń tẹ ìròyìn rẹ̀ tán, á sì jẹ́ kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú bí ẹnikẹ́ni ò bá ní kó dúró. Lockdep (olùṣọ́ ìlò lock) tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́yìn ìròyìn àkọ́kọ́, ó máa ń pa ara rẹ̀, gbogbo ìdánwò tó bá tẹ̀ lé e kò ní olùṣọ́ mọ́.

Ní ti iṣẹ́ tó ń dúró sójú kan, ẹ fi `timeout 300` ṣáájú QEMU, ẹ sì fi `softlockup_panic=1` àti `sysctl.kernel.hung_task_panic=1` sínú `-append`. Ìdí tí mo fi ní 300: ìṣẹ́jú àáyá 120 ni kernel máa ń fún task tó há kó tó kà á sí òkú, àárín 120 sí 120 ló sì ń yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó lè fa ìròyìn náà dé nǹkan bíi 240. Bí timeout yín bá jẹ́ 60, ẹ ó pa kernel kó tó sọ ibi tó há sí, log yín yóò sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń gba àkókò jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe.

Mi ò rí `-enable-kvm` nínú àṣẹ yín. Láìsí i, QEMU ń fi software ṣe gbogbo iṣẹ́ CPU, ó sì lọ́ra gan-an. Ẹ fi user tí CI ń lò sínú group `kvm`. Ẹ kọ `-enable-kvm` gan-an, kì í ṣe `accel=kvm:tcg`, nítorí èyí kejì á padà sí ọ̀nà tó lọ́ra dípò kó kùnà.

Ìjerò_C

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Irọ́ kan náà tún ń wọlé láti ibi `.config` (fáìlì tó ń sọ ohun tí kernel yóò ní), ọ̀pọ̀ kì í sì í wo ibẹ̀. Bí ẹ bá kọ `CONFIG_DRIVER_TIWA=y`, tí ohun kan tó gbára lé kò sí níbẹ̀, `make olddefconfig` á yọ ọ́ dànù láìfọhùn. Kernel á kọ́mpáìlì, á gbéra, ìdánwò á kọjá, driver yín kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ fi `scripts/kconfig/merge_config.sh` pa àwọn config pọ̀, ó máa ń kìlọ̀ pé "Value requested for ... not in final .config". Ẹ wá ìlà ìkìlọ̀ yẹn, kí iṣẹ́ kùnà níbẹ̀ kó tó kọ́mpáìlì ohunkóhun. Fún ìpìlẹ̀, `make x86_64_defconfig kvm_guest.config` tó. Ẹ jẹ́ kí driver yín jẹ́ `=y`; bó bá jẹ́ `=m`, tí ẹ kò kó module náà sínú initramfs (àpò fáìlì kékeré tí kernel fi ń gbéra), kò ní gbéra.

Busybox (àwọn àṣẹ kéékèèké nínú fáìlì kan) inú initramfs gbọ́dọ̀ jẹ́ static, kó má nílò library mìíràn. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, "Failed to execute /init (error -2)" lẹ máa rí, ẹ ó sì máa wá fáìlì tó wà níbẹ̀ gbangba, nítorí pé loader rẹ̀ ni kò sí. Error -13 ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ gbàgbé `chmod +x`.

KUnit, tó wọ Linux láti 5.5 ní 2020, ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò kéékèèké: `./tools/testing/kunit/kunit.py run --arch=x86_64`. Bí ẹ bá ń fi kselftest (ìdánwò mìíràn tó bá kernel wá) kún un, ẹ mọ̀ pé ìdánwò tí kò ṣiṣẹ́ rárá máa ń jáde báyìí: `ok 3 orúkọ # SKIP`. Ẹni tó bá ń ka "ok" nìkan á ka èyí mọ́ àṣeyọrí. Ẹ ka iye SKIP sọ́tọ̀. Bó bá pọ̀ ju ti àná lọ, kí iṣẹ́ kùnà.

Ọ̀rọ̀ iná. Bí iná bá lọ lójijì, fáìlì `.o` kan lè wà lórí dísíìkì láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀, àkókò rẹ̀ á sì jẹ́ tuntun. `make` á wo àkókò yẹn, á gbà pé iṣẹ́ ti parí, linker ni yóò wá pariwo. Ẹ má tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́mpáìlì sínú tmpfs (fódà tó wà nínú RAM), `make O=/dev/shm/iho1 -j8 CC="ccache gcc"`: bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí àjẹkù tó máa da ẹnikẹ́ni rú. RAM 32GB gbà á, bí ẹ kò bá tan DEBUG_INFO nínú config ojoojúmọ́. ccache (tó ń tọ́jú èsì ìkọ́mpáìlì àtijọ́) tó wà lórí SSD ni yóò mú kí àtúnṣe náà yá. Ẹ fún un ní `ccache -M 20G`, nítorí pé 5GB tó máa ń ní látilẹ̀ kì í tó bí config bá ti pé méjì. Ẹ fi ọjọ́ kan pàtó sí `KBUILD_BUILD_TIMESTAMP`, kí ẹ sì máa lo orúkọ fódà kan náà nígbà gbogbo.

Bí ẹ bá ní UPS tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ẹ fi NUT (software tó ń ṣọ́ UPS) sí i, kí `upsmon` pa sáfà wọ́ọ́rọ́ kí bátìrì tó tán. Bí iná bá padà dé, CI gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ tí kò parí padà sórí ìlà, kó yọ `index.lock` tí git fi sílẹ̀, kó sì pe `git worktree prune`.

Ní ti dátà: `git clone` tó bá já lágbede méjì kò ní tẹ̀ síwájú, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń padà sí. kernel.org ní bundle odindi igi Linux. Ẹ fi `wget -c` gbà á, èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró. Ẹ ṣe mirror kan ṣoṣo sórí sáfà, ẹ máa `fetch` lóru, kí gbogbo iṣẹ́ CI gba worktree (fódà iṣẹ́ tirẹ̀) láti ibẹ̀. Ẹ má lo `--depth=1`. Ó dín dátà kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ bisect (wíwá commit tó ba nǹkan jẹ́), ìtàn tí ẹ nílò kò ní sí níbẹ̀.

Adó_Kernel

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ gidigidi. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n béèrè méjì sí i. Ṣé KASAN yẹ kó wà nínú ìdánwò gbogbo patch? Bí CI bá sì rí àṣìṣe lẹ́yìn tí a ti gba Linux tuntun wọlé, ṣé ó lè wá commit tó fà á fúnra rẹ̀?

Ìkẹ́rẹ́Git

Ẹ jẹ́ kí KASAN wà lọ́tọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mọ́rì kernel ni KASAN generic ń gbà fún shadow rẹ̀, gbogbo nǹkan á sì lọ́ra. Patch kọ̀ọ̀kan gba config fẹ́ẹ́rẹ́. Lóru, KASAN àti `PROVE_LOCKING` (èyí tó ń tan Lockdep) lórí ẹ̀ka tó parapọ̀, pẹ̀lú `-m 2G`, kí `timeout` sì tó ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fẹ́ KCSAN (tó ń wá data race), kernel mìíràn lẹ máa kọ́mpáìlì fún un, òun àti KASAN kì í gbé inú kernel kan.

Bisect lè ṣeé ṣe: `git bisect run /opt/ci/dan.sh`. Script yẹn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn òde igi kernel, nítorí pé bisect ń pààrọ̀ igi náà lábẹ́ rẹ̀. Exit code ni gbogbo ọ̀rọ̀. 0 túmọ̀ sí dáadáa. 1 sí 127 túmọ̀ sí búburú, àyàfi 125 tó ní kí git fo commit náà. 128 sókè, bisect á dáwọ́ dúró. Nítorí náà, bí commit kan kò bá kọ́mpáìlì, 125 ni kí ẹ dá padà, torí pé kì í ṣe àṣìṣe yẹn lẹ ń wá. `timeout` máa ń dá 124 padà, git á kà á sí búburú, ó dáa bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé híhá lẹ ń wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo `timeout -k`, tó sì di dandan kó fi KILL pa á, 137 ló máa padà, bisect á sì dúró lóru láìparí. Ẹ yí i sí 1 nínú script. Commit 1,000 kì í ju nǹkan bí ìgbésẹ̀ 10 lọ, oru kan tó o.

Ẹ fi èyí kún un: ẹ má jẹ́ kí patch ẹni tí ẹ kò mọ̀ kọ́mpáìlì lórí sáfà tààrà. Ààbò tí QEMU ń ṣe fún kernel tó gbéra kò kan Makefile. Àṣẹ tó bá wà nínú rẹ̀, orí sáfà yín gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo kọ́kọ́rọ́ SSH tí user CI ní. Kí ìkọ́mpáìlì wà nínú kòǹténà tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí orísun wọlé ní read-only, kí bzImage nìkan sì jáde.