Ọmọ mi ní òun àti Mumble ò yàtọ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, ti wo Happy Feet, kàtúùnù ọdún 2006 yẹn, títí ó fi há a sórí. Mumble ló gbà á lọ́kàn: pẹ́ńgúìnì tí kò lóhùn orin láàárín ẹgbẹ́ tó ń fi orin wá aya, àfi kó máa fẹsẹ̀ jó ṣáá.

Lánàá, àwọn ọmọ àdúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ ilé wa ní Sùúrùlérè. Ó di irin fèrèsé mú, ó ní, "Mọ́mì, ṣé èmi náà ò lóhùn ni?" Ó máa ń kólòlò, wọ́n sì ń sín in jẹ. Dádì ẹ̀ ní kí n tì í síta, ojú ẹ̀ á là. (Òun tí kì í jáde!) Àbí kí n pe àwọn ọmọ náà wá jẹ dòdò? Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?