Báwo ni mo ṣe lè fi ìpáyà pani lẹ́rìn-ín nínú ìtàn abanilẹ́rù, tí ẹ̀rù náà ò ní sá lọ?

Àdùkẹ́ Aránṣọ (Ọjà Ọba, Òṣogbo)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sán ni mò ń ránṣọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọṣẹ́ ń ká aṣọ, mo máa ń ka ohun tí mo kọ fún wọn. Èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́, mo fẹ́ kí orí wọn wú ni.

Ibi tó ti dì mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Ràṣídì bíríkìlà àti Mọ́jí ìyàwó rẹ̀ ń sùn nílé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá àgbà ti kú, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ín nìyẹn. Láago méjì òru, iná ti lọ, wọ́n gbọ́ ọlọ nínú ilé ìdáná: gìrìrì, gìrìrì. Ẹnì kan ń lọ ata. Wọ́n sì mọ bí ìyá àgbà ṣe máa ń lọ ata: á tì í lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró, á fọwọ́ gbá a jọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọlọ yìí ń ṣe.

Àwọn ọmọṣẹ́ mi dákẹ́. Èyí tó ń gán ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbé abẹ́rẹ́ dúró.

Mo wá fẹ́ kí ìpáyà Ràṣídì pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ẹ̀rù tí kò níbi ìsinmi máa ń su èèyàn. Mo ní kó sọ pé: "Òkú yìí ò tiẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń ta ata lọ́jà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀, ẹ̀rù ò bà wọ́n mọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ìlẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí fúnra rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ìyá àgbà máa ro àmàlà sí i. Ó dùn mí gan-an. Oṣù méjì ni mo fi kọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Onílù

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo lùlù fún ẹgbẹ́ oníṣeré láyé ìgbà tá à ń gbé eré láti ìlú dé ìlú. Ràṣídì rẹ ò bẹ̀rù. Ẹni tí àyà rẹ̀ já kì í ráyè dá àpárá. Ìwọ lo dá a, o kàn fi sí i lẹ́nu ni. Bí ẹni tó wà nínú ilé ò bá bẹ̀rù, ta ló fẹ́ ba ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́rù?

Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ ojo í ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ rárá. Bó bá rí iwin, á ṣí fìlà, á rọra ká a, á fi í sápò, á fọwọ́ tẹ́ àpò náà kí fìlà má baà rún. Ìgbà yẹn ni yóò tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín tẹkún tẹkún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi iwin ṣe yẹ̀yẹ́. Fìlà ni wọ́n ń rín. Iwin wà níbi tó wà. Má fọwọ́ kan òkú rẹ o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Bí ẹ̀rù bá báni lójijì, ara á tú èròjà adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkìkì, ẹnu á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbi iṣan ẹsẹ̀, torí ara ti ń múra àtisá tàbí àtijà. Èèyàn ò ráyè ronú, ohun tó ti mọ́ ọwọ́ lára lọwọ́ á máa ṣe.

Lóru ọjọ́ kan níbi iṣẹ́ mi, iná lọ, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ fúnra rẹ̀ láti ìkángun kọ́rídọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ ni. Bàsíà omi wà lọ́wọ́ ẹnì kejì mi. Ó gbé e sá dé ẹnu géètì, ẹ̀kán kan ò dà. Ó débẹ̀ tán, ó bi ọlọ́dẹ pé níbo ni kí òun gbé e sí. Kí ló mọ́ Ràṣídì lára jù? Òun ni kó ṣe.

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ rántí ìwé Amos Tutuola nì, The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ará Òṣogbo wa wá gbé sórí ìtàgé lédè Yorùbá ní 1963. Nínú ìtàn náà, kí ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ tó wọnú igi funfun ńlá kan, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti pẹ́nì 6. Wọ́n wá fi ẹ̀rù wọn yá ẹnì kan, èlé rẹ̀ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Kò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni ń ṣírò owó ọjà ni.

Àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹkún tẹkún. Orí ìtàgé nìyẹn, Bàbá. Nínú ìwé, ẹ̀rín kékeré ló dáa.

Àdùkẹ́ Aránṣọ

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín ni mo gbé sọ́kàn nídìí máṣíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Ràṣídì, ìkíni ló mọ́ ọn lára. Mo yọ ọ̀rọ̀ ata ọ̀wọ́n kúrò. Ó di báyìí:

Ràṣídì wá ẹ̀wù rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó wọ̀ ọ́, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kí òkú tó ń lọ ata? "Ẹ káàárọ̀" kọ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́. "Ẹ káàbọ̀" ló sún mọ́ ọn jù, àmọ́ kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ló ní kí wọ́n máa bọ̀. Mọ́jí gbá a lẹ́sẹ̀ pé kó tètè sọ nǹkan kan. Ló bá ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

Ọlọ dákẹ́. Ohùn kan dáhùn láti inú ilé ìdáná: "Oo."

Mo kà á fún wọn lánàá. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bọ̀ títí dé "Ẹ káàbọ̀". Nígbà tí "Oo" yẹn jáde, ẹnikẹ́ni ò gbin. Èyí tó bèèrè àmàlà lọ́jọ́sí ní kí n sin òun dé títì. Ohun kan ló kù, Bàbá: ṣé kí ọlọ náà dákẹ́ pátápátá lẹ́yìn ìdáhùn yẹn, àbí kó tún bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Onílù

Kó tún bẹ̀rẹ̀. Ata ò tíì kúnná.